Onílé àti Àlejò Láàrin Èdè: Àgbéyẹ̀wò Ipò Àwọn Èdè Suriname

1. Ìfáárà

Nígbà tí àwọn onímọ̀ bá ń to àwọn èdè orílẹ̀-èdè kan, ó wọ́pọ̀ kí wọ́n kọ́kọ́ pín wọn sí ọ̀nà méjì: èdè ìbílẹ̀ àti èdè àlejò. Èdè ìbílẹ̀ ni ti àwọn tí a bá lórí ilẹ̀. Èdè àlejò ni ti àwọn tí ó ṣí wá láti ibòmíràn. Ìpín yìí rọrùn láti lò, ṣùgbọ́n èrò kan máa ń fara pamọ́ sínú rẹ̀, pé èdè onílé ni yóò fẹsẹ̀ múlẹ̀, àti pé èdè àlejò yóò máa kú lọ bí a ti ń bí ọmọ sí ilẹ̀ tuntun. Ohun tí ó jẹ wá lógún nínú bébà yìí ni láti fi orílẹ̀-èdè Suriname yẹ èrò náà wò.

Suriname wà ní etí òkun ní ìhà àríwá Gúúsù Amẹ́ríkà. Dọ́ọ̀ṣì, èyí tí í ṣe èdè àwọn ará Hóláńdì, ni èdè ìjọba ibẹ̀, kò sì sí orílẹ̀-èdè mìíràn ní Gúúsù Amẹ́ríkà tí ó ń lò ó bẹ́ẹ̀. Gẹ́gẹ́ bí ìkànìyàn ọdún 2012 ti fi hàn, ènìyàn 541,638 ni ó ń gbé ibẹ̀. Láàrin ìwọ̀nba ènìyàn wọ̀nyí, èdè tí a ń sọ lé ní mẹ́ẹ̀ẹ́dógún.

Àbá wa ni pé iye ọdún tí èdè kan ti lò lórí ilẹ̀ kò tó láti sọ bí yóò ṣe pẹ́ tó. Ohun tí ó yẹ kí a wò ni iṣẹ́ tí èdè náà ń ṣe fún àwọn tí ń sọ ọ́, àti bóyá ibì kan wà tí èdè mìíràn kò lè gba iṣẹ́ náà mọ́ ọn lọ́wọ́.

2. Bí àwọn èdè náà ṣe pàdé

Àwọn tí a bá lórí ilẹ̀ náà ni àwọn Kalinya, Lokono, Trio, Wayana àti Akurio. Lokono wà nínú ẹbí èdè Arawak. Àwọn yòókù wà nínú ẹbí èdè Karib. Àwọn Kalinya àti Lokono ń gbé ní ìhà etí òkun, àwọn mẹ́ta yòókù sì wà nínú igbó ìhà gúúsù.

Ní ọdún 1651 ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì dá oko ìrèké sílẹ̀ níbẹ̀, tí wọ́n sì kó àwọn ẹrú wá láti ilẹ̀ Áfíríkà. Àwọn ará Hóláńdì gba ilẹ̀ náà ní 1667, àdéhùn Breda ti ọdún kan náà sì fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ fún wọn. Wọ́n fòpin sí òwò ẹrú lẹ́yìn náà, ṣùgbọ́n ọjọ́ kìíní oṣù Keje, 1863 ni wọ́n tó dá àwọn ẹrú fúnra wọn sílẹ̀, wọ́n sì tún fi ọdún mẹ́wàá dè wọ́n mọ́ iṣẹ́ oko lábẹ́ àbójútó ìjọba.

Kí oko má baà di ahoro, àwọn amúnisìn wá òṣìṣẹ́ aládèéhùn láti ilẹ̀ mìíràn. Àwọn ará Ṣáínà ti ń dé láti 1853. Èdè Hakka ni èyí tí ó pọ̀ jù nínú wọn ń sọ. Ọkọ̀ òkun Lalla Rookh gbé àwọn àkọ́kọ́ láti Íńdíà dé ní oṣù Kẹfà, 1873, àwọn tí ó sì tẹ̀lé wọn títí di 1916 sún mọ́ ẹgbàá mẹ́tàdínlógún. Láti 1890 títí di 1939, àwọn tí iye wọn kò jìnnà sí èyí wá láti erékùṣù Jáfà, tí ó wà lábẹ́ Hóláńdì nígbà náà. Suriname gba òmìnira ní ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n oṣù Kọkànlá, 1975, ó sì fi Dọ́ọ̀ṣì sípò tí ó wà tẹ́lẹ̀. Láti àwọn ọdún 1990 ni àwọn awakùsà wúrà láti Bràsíìlì ti mú èdè Potogí wọ inú igbó, tí àwọn ará Ṣáínà tuntun sì mú èdè Mandarin wá.

Nínú ìtòlẹ́sẹẹsẹ yìí, a ó ṣàkíyèsí pé àlejò ni Dọ́ọ̀ṣì fúnra rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí a bá ń pín èdè, a kì í sábà kà á mọ́ àlejò, nítorí pé àlejò tí ó gba kọ́kọ́rọ́ ilé kì í pẹ́ tí a fi ń pè é ní baálé.

3. Àwọn èdè tí ilẹ̀ náà bí

Ìpín sí onílé àti àlejò tún kùnà níwájú Sranan, èdè tí ó tàn ká jù lọ lẹ́yìn Dọ́ọ̀ṣì. Kò sí ẹni tí ó gbé Sranan wọ ọkọ̀ wá. Inú oko ìrèké ni a ti bí i, láàrin àwọn ará Áfíríkà tí wọn kò gbọ́ èdè ara wọn, tí wọ́n sì gba ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ láti ẹnu àwọn Gẹ̀ẹ́sì. Irú èdè báyìí, tí ó ti inú àdàpọ̀ di èdè àbínibí, ni àwọn onímọ̀ ń pè ní kíríólì. Ọ̀pọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kúrò nílẹ̀ náà láàrin ọdún díẹ̀ lẹ́yìn 1667, ṣùgbọ́n àwọn ẹrú tí ó kù ti ń fi èdè náà bá ara wọn sọ̀rọ̀, ọ̀dọ̀ wọn ni àwọn tí a kó dé lẹ́yìn sì ti kọ́ ọ.

Ọ̀rọ̀ Sranan pọ̀ tí ó jọ ti Gẹ̀ẹ́sì, ṣùgbọ́n ìhun gbólóhùn rẹ̀ jọ ti ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà. Ẹ jẹ́ kí a wo àpẹẹrẹ méjì:

(i) A teki a nefi koti a brede. (Ó mú ọ̀bẹ gé búrẹ́dì.)
(ii) Na waka mi e waka. (Rírìn ni mo ń rìn.)

Nínú (i), ọ̀rọ̀-ìṣe méjì, teki àti koti, tẹ̀lé ara wọn lábẹ́ olùwà kan láìsí ọ̀rọ̀ asopọ̀ láàrin wọn, bí mú àti gé ti rí nínú ìtumọ̀ rẹ̀ ní Yorùbá. Nínú (ii), a gbé ọ̀rọ̀-ìṣe síwájú láti tẹnu mọ́ ọn. Ìyàtọ̀ tí ó wà níbẹ̀ ni pé Yorùbá ń fi àpètúnpè sọ ọ̀rọ̀-ìṣe di ọ̀rọ̀-orúkọ kí ó tó gbé e síwájú, nígbà tí Sranan gbé tirẹ̀ síwájú bí ó ti wà. A kò torí ìjọra yìí sọ pé Yorùbá ni ó bí Sranan. Àwọn èdè tí ẹ̀rí ìtàn àti ti ọ̀rọ̀ tọ́ka sí jù ni àwọn èdè Gbe, pàápàá Fọ̀n, tí wọ́n jẹ́ aládùúgbò Yorùbá ní Benin àti Togo, pẹ̀lú èdè Kongo àti Akan.

Àwọn tí ó sá kúrò lóko lọ sínú igbó dá àwùjọ àti èdè tiwọn sílẹ̀. Ọwọ́ àwọn amúnisìn kò tẹ̀ wọ́n. Wọ́n bá àwọn Ndyuka ṣe àdéhùn àlàáfíà ní 1760, àwọn Saramaka ní 1762, àti àwọn Matawai ní 1767. Èdè Saramaka gba ọ̀rọ̀ Potogí púpọ̀, nítorí pé ọ̀pọ̀ àwọn baba ńlá wọn sá kúrò ní oko àwọn Júù tí ń sọ Potogí. Ó jẹ́ èdè olóhùn, a sì ń gbọ́ kp àti gb nínú rẹ̀ títí di òní. Láàrin àwọn Ndyuka, ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Afaka ṣe àgbékalẹ̀ ọnà ìkọ̀wé kan ní nǹkan bí 1910, tí àmì kọ̀ọ̀kan nínú rẹ̀ dúró fún sílébù kan. Àwọn díẹ̀ ni ó kọ́ ọ, ṣùgbọ́n ó fi hàn pé àwọn tí ń sọ èdè náà rò pé ó yẹ ní kíkọ.

Sarnami, èdè àwọn ọmọ Íńdíà, rí bákan náà. Àwọn òṣìṣẹ́ tí ó dé sọ Bhojpuri, Awadhi àti àwọn èdè mìíràn tí ó sún mọ́ wọn. Inú oko ni wọ́n ti yọ́ pọ̀ di ẹyọ kan, tí wọ́n sì gba ọ̀rọ̀ Sranan àti Dọ́ọ̀ṣì mọ́ra. Bí ènìyàn bá lọ sí Íńdíà lónìí, kò lè bá Sarnami níbẹ̀. Èdè tí a ń kà mọ́ ti àlejò yìí jẹ́ ọmọ tí a bí ní Suriname.

4. Iṣẹ́ tí èdè kọ̀ọ̀kan ń ṣe

Bí jíjẹ́ onílé bá tó láti gba èdè là, ó yẹ kí ipò Lokono àti ti Trio dọ́gba. Kò rí bẹ́ẹ̀. Àwọn Lokono wà ní ìtòsí ojú ọ̀nà, ilé ẹ̀kọ́ àti ọjà. Dọ́ọ̀ṣì àti Sranan ti gba iṣẹ́ èdè wọn díẹ̀díẹ̀, títí ó fi jẹ́ pé ẹnu àwọn àgbà ni èdè náà kù sí. Àwọn Trio kò pọ̀, ṣùgbọ́n ní abúlé wọn, Trio ni a fi ń ṣọdẹ, òun ni a fi ń parí ìjà, òun ni ìyá sì fi ń pe ọmọ. Ti Akurio tún burú ju ti Lokono lọ. Nígbà tí àwọn Akurio wá jókòó láàrin àwọn Trio ní nǹkan bí 1970, Trio ni èdè abúlé tí wọ́n bá. Àwọn ọmọ wọn gba a, èdè Akurio sì fẹ́rẹ̀ẹ́ parẹ́ pátápátá. Èdè onílé kan ni ó gbé èdè onílé kejì mì. Kì í ṣe Dọ́ọ̀ṣì.

Iṣẹ́ Sranan ni láti so ẹ̀yà pọ̀. Ọmọ Jáfà tí ń ta oúnjẹ, ọmọ Íńdíà tí ń wa ọkọ̀ èrò àti ọmọ Saramaka tí ó ti igbó dé, èdè yìí ni wọ́n fi ń pàdé ara wọn ní ìgboro Paramaribo. Ogun abẹ́lé tí ó jà láàrin 1986 sí 1992 lé ọ̀pọ̀ àwọn ará igbó wá sí olú-ìlú, èdè Ndyuka àti Saramaka sì wá di ohun tí a ń gbọ́ níbẹ̀ ju ti àtijọ́ lọ.

Èdè Jáfà fi hàn wá pé èdè lè máa sọ apá kan iṣẹ́ rẹ̀ nù nígbà tí ó ṣì wà láàyè. Ní Jáfà, èdè náà ní ìpele méjì tí ó hàn gbangba: ngoko, tí a fi ń bá ọ̀rẹ́ àti ọmọdé sọ̀rọ̀, àti krama, tí a fi ń bọ̀wọ̀ fún àgbà. Ní Suriname, krama ti ń bọ́ lẹ́nu àwọn ọ̀dọ́. Ọ̀dọ́ tí kò mọ̀ ọ́n, tí ó sì ń bẹ̀rù láti fi ngoko bá àgbà sọ̀rọ̀, lè yàn láti sọ Dọ́ọ̀ṣì tàbí Sranan, kí a má baà pè é ní aláìlẹ́kọ̀ọ́. Nípa bẹ́ẹ̀, ọ̀wọ̀ tí ó yẹ kí ó gbé èdè ró di ohun tí ń lé àwọn ọmọ kúrò nínú rẹ̀. Sarnami náà ní irú ìṣòro yìí: nínú ẹ̀sìn àti àpéjọ, Híńdì tàbí Urdu ni ó ní iyì, ilé nìkan ni a sì fi sílẹ̀ fún Sarnami. Bí àwọn òbí tí ń gbé ìlú bá wá yàn láti máa bá ọmọ wọn sọ Dọ́ọ̀ṣì nílé, kò sí ibòmíràn tí Sarnami yóò sá sí.

5. Ilé ẹ̀kọ́ àti ìlànà ìjọba

Ní 1876, òfin sọ ẹ̀kọ́ di dandan fún ọmọdé, Dọ́ọ̀ṣì sì di èdè ìkọ́ni kan ṣoṣo. Wọ́n fòfin lé Sranan kúrò nínú ọgbà ilé ẹ̀kọ́, ọ̀pọ̀ òbí sì gbà pé ọmọ tí ó bá ń sọ ọ́ kò ní tẹ̀ síwájú. Síbẹ̀, Sranan kò kú. Ọjà àti ìgboro ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìjọ Moravia, tí ó ti tẹ Májẹ̀mú Tuntun jáde ní èdè náà ní 1829, tí ó sì ń fi í wàásù. Ibi tí ilé ẹ̀kọ́ ti ilẹ̀kùn, ṣọ́ọ̀ṣì ṣí i.

Àwọn ọmọ ilẹ̀ náà pàápàá dìde sí ọ̀rọ̀ yìí. Olùkọ́ kan, J.G.A. Koenders, ń tẹ ìwé ìròyìn Foetoe-boi láti 1946 sí 1956, ó sì fi Sranan kọ̀wé nínú rẹ̀ láti fi hàn pé kò sí èrò tí èdè náà kò lè gbé. Trefossa, tí orúkọ rẹ̀ gan-an ń jẹ́ Henri Frans de Ziel, tẹ ìwé ewì Sranan rẹ̀, Trotji, jáde ní 1957; òun náà ni ó kọ ẹsẹ̀ Sranan tí ó wà nínú orin orílẹ̀-èdè. Ní 1986, ìjọba fi ọwọ́ sí àkọtọ́ kan fún Sranan àti òmíràn fún Sarnami.

Àkọtọ́ ṣe pàtàkì, ṣùgbọ́n a kò gbọdọ̀ retí pé yóò ṣe ohun tí kò lágbára láti ṣe. Èdè méjèèjì gba àkọtọ́ lọ́dún kan náà, síbẹ̀ ìgboro ni ó ń gbé Sranan ró, Sarnami sì ń dín kù nínú àwọn ilé ìgboro kan náà. Bí a bá fún èdè ní àkọtọ́ láìfún un ní iwé tí ọmọ yóò kà, láìfún un ní kíláàsì, láìfún un ní ọ́fíìsì tí a ti lè fi kọ ìwé ẹ̀bẹ̀, a ti rán aṣọ fún un, a kò tíì pè é síbi àsè.

6. Ìkádìí

A ti gbìyànjú láti fi hàn pé ìpín sí èdè ìbílẹ̀ àti èdè àlejò kò tó láti ṣàlàyé ipò àwọn èdè Suriname. Àlejò ni èdè tí ó ń jọba. Èdè tí ó so ìlú pọ̀ kì í ṣe ti onílé bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ti àlejò. Nínú àwọn èdè onílé fúnra wọn, òmíràn dúró, òmíràn sì ń lọ. Ohun tí ó ya èyí tí ó dúró sọ́tọ̀ ni pé ó ní iṣẹ́ ojoojúmọ́ tí ó jẹ́ tirẹ̀.

Èyí ní ohun tí ó ń béèrè lọ́wọ́ àwa tí a ń kọ́ ẹ̀kọ́ nípa èdè. Bí a bá ka Lokono sí èdè ìbílẹ̀ tí a sì fi mọ síbẹ̀, a lè máa fi orúkọ yẹ́ ẹ sí títí tí ẹni ìkẹyìn tí ń sọ ọ́ yóò fi kú. Gbígba ohùn àwọn àgbà sílẹ̀ dára, ó sì yẹ kí a tètè ṣe é, ṣùgbọ́n àkójọ ohùn kì í bí ọmọ. Ìbéèrè tí ó yẹ kí a máa kọ́kọ́ bi nípa èdè yòówù tí ó wà nínú ewu ni èyí: kí ni ọmọ ọdún márùn-ún ń rí gbà lónìí tí kò lè rí gbà bí kò bá sọ èdè yìí? Níbi tí ìdáhùn kò bá ti sí, ibẹ̀ ni ó yẹ kí iṣẹ́ wa ti bẹ̀rẹ̀.