Hóró ṣúgà fún ọ̀fìnkìn: ẹ mọ ohun tí ẹ ń fi owó rà

Nígbà tí ọyẹ́ bá ń fẹ́, láti Kétu dé Ṣábẹ̀ẹ́, láti Ìpobẹ̀ dé Àjàṣẹ́, agbo ilé tí ẹ kò ti ní gbọ́ ikọ́ kò pọ̀. Imú á dí, orí á máa fọ́, ara á gbóná, gbogbo oríkèé á máa ro ni. Èyí tó bá le jù nínú ọ̀fìnkìn bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń pè ní grípù nílé ìwòsàn. Ọlọ́jà tí grípù bá mú kò lè pàtẹ, àgbẹ̀ tó bá mú kò lè gbé ọkọ́. Ìdí nìyẹn tí oògùn grípù fi máa ń tà.

Nílẹ̀ Faransé, ọ̀kan lára èyí tó gbajúmọ̀ jù ni Oscillococcinum, tí ilé-iṣẹ́ Boiron ń ṣe. Ẹni tó ní ọmọ tàbí àbúrò lọ́hùn-ún lè bá a nínú ẹrù tí wọ́n fi ránṣẹ́ sílé. Hóró funfun wẹ́wẹ́ ni, inú ike kékeré ló wà, abẹ́ ahọ́n ni wọ́n sì ń dà á sí títí á fi yọ́. Kò korò, ọmọdé kì í kọ̀ ọ́. Kí ló wà nínú rẹ̀?

Ẹ̀dọ̀ pẹ́pẹ́yẹ tí kò sí níbẹ̀ mọ́

Ọ̀kan lára oògùn omeopatí ni Oscillococcinum. Dókítà ará Jámánì kan, Samuel Hahnemann, ló dá irú ìṣègùn yìí sílẹ̀ ní 1796. Ó ní ohun tó bá lè fa àìsàn sí ara ẹni tó le, òun náà ló lè wo irú àìsàn bẹ́ẹ̀ sàn, bí a bá bomi là á gidigidi. Àwọn tó tẹ̀ lé e gbà pé bí omi ṣe ń pọ̀ tó, bẹ́ẹ̀ ni agbára oògùn ń pọ̀ sí i.

Ti Oscillococcinum tọ̀dọ̀ dókítà ará Faransé kan wá, Joseph Roy. Nígbà àjàkálẹ̀ grípù ńlá tó bẹ̀rẹ̀ ní 1918, ó ní òun rí kòkòrò kan tó ń mì nínú ẹ̀jẹ̀ àwọn aláìsàn. Nígbà tó yá, ó ní òun tún rí i lára àwọn tó ní jẹjẹrẹ àti ikọ́ ife, ó sì ní òun rí i nínú ẹ̀dọ̀ pẹ́pẹ́yẹ. Àwọn onímọ̀ tó wá a lẹ́yìn rẹ̀ kò rí i. Kòkòrò tó ń fa grípù gan-an kéré ju ohun tí awò ayé ìgbà náà lè fi hàn lọ. Ọdún 1933 ni àwọn onímọ̀ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i mú lára èèyàn.

Síbẹ̀, ẹ̀dọ̀ àti ọkàn pẹ́pẹ́yẹ ni wọ́n ṣì fi ń bẹ̀rẹ̀ oògùn náà. Wọ́n á bomi là á nínú ìgò, wọ́n á gbọ̀n ọ́n, wọ́n á dà á nù. Ìwọ̀nba tó lẹ̀ mọ́ ara ìgò ni wọ́n á tún bu omi lé. Ìgbà 200 ni wọ́n ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká fi oyin wò ó. Bí ẹ bá po ṣíbí oyin kan mọ́ ṣíbí omi 99, ìdá kan nínú 100 ni oyin. Bí ẹ bá bu ṣíbí kan nínú rẹ̀, tí ẹ tún pò ó mọ́ ṣíbí omi 99, ó di ìdá kan nínú 10,000. Lẹ́ẹ̀kẹta, ó di ìdá kan nínú 1,000,000. Kó tó pé ìgbà 15, oyin ti tán nínú ṣíbí náà, omi lásán ló kù. Ẹ wá rò ó dé 200.

Ohun tó kù nínú hóró náà ni ṣúgà. Nínú gíráàmù kan, gíráàmù 0.85 jẹ́ ṣúgà tí a ń fi mu ẹ̀kọ, 0.15 jẹ́ ṣúgà inú wàrà.

Kì í ṣe àgbo

Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé àgbo òyìnbó ni omeopatí. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá se ewé nínú ìkòkò, ohun tó wà nínú ewé ti bọ́ sínú omi. Ó lè ṣe ara lóore, ó sì lè pa ara lára bó bá pọ̀ jù. Àwọn àgbà wa mọ èyí, wọn kì í fún ọmọ ọwọ́ ní ìwọ̀n tí wọ́n ń fún bàbá rẹ̀. Àmọ́ nínú hóró tí à ń sọ yìí, kò sí ewé, kò sí egbò, kò sí pẹ́pẹ́yẹ.

Ṣé ó ń wo grípù?

Àwọn onímọ̀ Cochrane, tí iṣẹ́ wọn jẹ́ láti kó ìwádìí oògùn jọ kí wọ́n sì yẹ̀ ẹ́ wò, sọ̀rọ̀ lórí Oscillococcinum ní 2015. Ìwádìí mẹ́fà ni wọ́n rí. Wọ́n ní ẹ̀rí tó dára kò tó láti sọ pé ó ń dènà grípù tàbí pé ó ń wò ó. Nílẹ̀ Faransé fúnra rẹ̀, àjọ tó ń yẹ oògùn wò fún ìjọba sọ ní 2019 pé ẹ̀rí oògùn omeopatí kò tó láti máa fi owó ìlú san án. Tẹ́lẹ̀, ìjọba ń dá ìdá 30 nínú 100 owó rẹ̀ padà fún ẹni tó rà á. Ó di 15 ní 2020. Láti oṣù kìíní ọdún 2021, wọn kò dá ohunkóhun padà mọ́. Wọ́n ṣì ń tà á, ṣùgbọ́n àpò ara rẹ̀ ni kálukú fi ń rà á.

Kí ló dé tí ọ̀pọ̀ fi ń sọ pé ó ṣe àwọn dáadáa? Grípù fúnra rẹ̀ kì í pẹ́ lára. Lára ọ̀pọ̀ èèyàn, ibà rẹ̀ á lọ láàárín ọ̀sẹ̀ kan, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ikọ́ lè jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tó lo ṣúgà á gbádùn, ẹni tí kò lò ó náà á gbádùn. Àkùkọ kọ, ilẹ̀ mọ́, ṣùgbọ́n àkùkọ kọ́ ló mú ilẹ̀ mọ́.

Ibi tí ewu wà

Hóró yìí kì í pa ẹnikẹ́ni. Ewu ibẹ̀ ni ọjọ́ tí a fi ń dúró dè é. Nílẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ àti Tógò, ara gbígbóná, orí fífọ́ àti ara ríro lè jẹ́ grípù, wọ́n sì lè jẹ́ ibà ẹ̀fọn. Ojú lásán kò lè yà wọ́n sọ́tọ̀. Ibà ẹ̀fọn lè di líle koko lára ọmọdé láàárín ọjọ́ kan péré. Ìyá tó bá fi ọjọ́ mẹ́ta da hóró sí ọmọ lẹ́nu ti pàdánù ọjọ́ tó yẹ kí ọmọ fi gba oògùn gidi. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ orí ìka kì í gbà ju bí ìṣẹ́jú 20 lọ kó tó fi èsì hàn.

Bó bá jẹ́ grípù lóòótọ́, ìsinmi àti omi púpọ̀ ló ṣe pàtàkì jù. Parasẹtamọ́ọ̀lù ń dín ibà àti ìrora kù, ṣùgbọ́n ìwọ̀n ara ọmọ ni kí wọ́n fi wọn tirẹ̀. Ẹ má fún ọmọdé ní asipirín-ìn. Oyin ń dẹ ikọ́, àmọ́ ẹ má fi kan ẹnu ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan. Oògùn apakòkòrò tí wọ́n ń tà ní ẹyọ ẹyọ lọ́jà kò ran grípù.

Ẹ má dúró dilẹ̀ mọ́, ẹ lọ sílé ìwòsàn bí ọmọ kò bá lè mu ọmú tàbí omi, bó bá ń bì gbogbo ohun tó jẹ, bí gìrì bá mú un, bó bá ń sùn tí kò ṣeé jí, tàbí bí abẹ́ ìhà rẹ̀ bá ń wọnú nígbà tó bá ń mí. Ẹ ká aṣọ rẹ̀ sókè, kí ẹ ka èémí rẹ̀ fún ìṣẹ́jú kan nígbà tí kò bá sunkún. Bó bá tó 50 fún ọmọ oṣù méjì sí oṣù 11, tàbí 40 fún ọmọ ọdún kan sí márùn-ún, ó ti yá jù. Ọmọ tí kò tíì pé oṣù méjì tí ara rẹ̀ gbóná, ọjọ́ náà gan-an ni kí ẹ gbé e lọ. Kí aboyún, arúgbó, àwọn tó ní ikọ́ fée àti àwọn tó ní àrùn fòníkú-fọ̀ladìde náà má fi grípù ṣeré.

Bí hóró náà bá wà nílé, tó wu àgbàlagbà tí ara rẹ̀ ń fẹ́ ìsinmi láti fi sẹ́nu, ṣúgà ló fi sẹ́nu. Ẹ má kàn jẹ́ kó gba ipò àyẹ̀wò mọ́ ọmọ lọ́wọ́.