Kí A Tó Ra Amóhùnmáwòrán fún Gbọ̀ngàn Ilé-Ẹ̀kọ́ Wa

Lára ẹ̀bùn tí ẹgbẹ́ wa ń gbèrò láti fún ilé-ẹ̀kọ́ yìí ni amóhùnmáwòrán ńlá kan fún gbọ̀ngàn. Owó náà kì í ṣe ti ẹnì kan ṣoṣo; inú owó ìfẹ̀yìntì ni ẹlòmíràn ti mú tirẹ̀ wá. Nítorí náà, ó yẹ kí a mọ ohun tí a fẹ́ rà.

A ní ìdí tí a fi ń sọ èyí. Ní ìjọ kan tí a sìn rí, a ra tòkunbọ̀ kan ní owó pọ́ọ́kú. Irú èyí tí à ń pè ní plasma ni. Láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́ ni ìkéde kan náà máa ń wà lójú rẹ̀. Kò pẹ́ tí òjìji àwọn lẹ́tà náà fi lẹ̀ mọ́ ọn, tí kò sì parẹ́ mọ́. Ó ń jẹ iná púpọ̀, epo jẹnẹrétọ̀ sì ń gun orí epo. Owó ọrẹ ìjọ ni ó bá a lọ. Ojú tì wá, nítorí àwa ni a fọwọ́ sí i.

Ìbéèrè àkọ́kọ́ nìyí: níbo ni ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ti ń wá? Nínú plasma, afẹ́fẹ́ tí a sé mọ́ inú ihò wẹ́wẹ́ ni iná mànàmáná ń lò láti tan ìmọ́lẹ̀. Ní nǹkan bí ọdún 2014 ni àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá dáwọ́ ṣíṣe é dúró. Àlòkù ni èyí tí a bá ń rí lọ́jà lónìí.

LCD kò ní ìmọ́lẹ̀ tirẹ̀. Iná tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀ ni ó ń là á kọjá, bí oòrùn ti í la gíláàsì aláwọ̀ fèrèsé ilé ìsìn kọjá. Tẹ́lẹ̀ rí, ọ̀pá iná gígùn ni wọ́n ń fi síbẹ̀; nísinsìnyí, gúlóòbù LED wẹ́wẹ́ ni. Nítorí náà, LED tí a kọ sára páálí kì í ṣe ẹ̀yà ọ̀tọ̀: LCD náà ni. Bẹ́ẹ̀ ni QLED, orúkọ tí Samsung ń lò láti ọdún 2017: LCD ni, tí a fi ohun tí ń mú kí àwọ̀ túbọ̀ yọ kún un.

OLED yàtọ̀. Ẹyọ kọ̀ọ̀kan tí ó para pọ̀ di àwòrán ń tan ìmọ́lẹ̀ fúnra rẹ̀, ó sì lè kú pátápátá. Ìdí nìyí tí dúdú rẹ̀ fi dúdú bí èédú. Nínú pálọ̀ lóru, ó dára gidigidi. Ṣùgbọ́n ó wọ́n, ọ̀rọ̀ orin kan náà tí ó bá sì ń wà lójú rẹ̀ fún wákàtí púpọ̀ lójoojúmọ́ lè lẹ̀ mọ́ ọn, bí ti plasma ọjọ́sí.

Ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́. Láti igun dé igun ni a ti ń wọn ojú rẹ̀: íǹṣì 55 jẹ́ nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 140. Ọmọ tí ó jókòó sẹ́yìn gbọ̀ngàn kò lè fi bẹ́ẹ̀ mọ ìyàtọ̀ láàrin 4K àti Full HD, ṣùgbọ́n yóò mọ̀ bí lẹ́tà bá kéré jù. Ní ìsọ̀, ẹ dúró sí ẹ̀gbẹ́ kí ẹ wò ó, nítorí àwọ̀ àwọn LCD mìíràn a máa ṣá bí a kò bá dojú kọ wọ́n. Ẹ ka iye wáàtì tí ó ń jẹ pẹ̀lú.

Èrò tiwa ni pé LCD oníná LED tí ó tóbi dáadáa ni ó yẹ gbọ̀ngàn tí fèrèsé rẹ̀ ń ṣí sílẹ̀ lọ́sàn-án, níbi tí ìkéde àti orin yóò máa wà lójú rẹ̀. Ẹni tí ó ní agbára lè ra OLED sí ilé rẹ̀. Olúwa wa ti kọ́ wa pé ẹni tí yóò kọ́ ilé ìṣọ́ a kọ́kọ́ jókòó ṣírò owó rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí àwa náà ṣe bẹ́ẹ̀, kí ẹ̀bùn wa lè pẹ́ fún àwọn ọmọ tí ń bọ̀ lẹ́yìn.