Ojú Oórì Olóṣèlú àti Ọ̀rọ̀ Ọmọ Ìlú ní Ilẹ̀ Ọ̀ṣun àti Agbègbè Rẹ̀

Ní ọjọ́ 23 oṣù Kejìlá ọdún 2001 ni àwọn apànìyàn yìnbọn pa Olóyè Bọ́lá Ìgè nínú ilé rẹ̀ ní Bódìjà, Ìbàdàn. Ilẹ̀ Hausa ni ó ti lo ìgbà èwe rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí orúkọ ìwé rẹ̀, Kaduna Boy, ti fi hàn. Ìbàdàn ni ó ti kàwé, ibẹ̀ ni ó ti ṣe agbẹjọ́rò, ibẹ̀ náà ni ó sì ti ṣe gómìnà Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ àtijọ́ láti 1979 sí 1983. Síbẹ̀, nígbà tí ó di ọ̀rọ̀ ìsìnkú, Ẹ̀sà-Òkè ni wọ́n gbé e lọ, ìlú àwọn òbí rẹ̀ ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun. Ohun tí Yorùbá kì í sábà béèrè ìdí rẹ̀ ni èyí, ṣùgbọ́n ìdí náà yẹ ní wíwádìí, torí pé ojú oórì olóṣèlú ju ibi tí òkú sùn sí lọ. Ẹ̀rí ni.

Inú ilé ni Yorùbá ń sin àgbàlagbà sí láyé àtijọ́. Samuel Johnson ṣàlàyé nínú ìwé ìtàn rẹ̀, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1921, pé Yorùbá kì í sin òkú sí itẹ́ òkú bí kò ṣe sínú ilé wọn. Kì í ṣe gbogbo òkú ni ó ní ẹ̀tọ́ yìí. Àbíkú kì í sùn nínú ilé. Ẹni tí Ṣàngó bá pa, ọwọ́ àwọn Mágbà ni òkú rẹ̀ wà. Ẹni tí ó gbó, tí ó tọ́, tí ó sì fi ọmọ sílẹ̀ ni wọ́n ń sin sí yàrá tàbí ọ̀dẹ̀dẹ̀, kí àwọn ọmọ lè máa bá a sọ̀rọ̀. Òfin ìmọ́tótó ìjọba amúnisìn gbógun ti àṣà náà, ìgbàgbọ́ Kìrìsítẹ́nì sì mú itẹ́ òkú ìjọ wá. Àṣà náà kò kú. Ó kàn jáde láti inú yàrá bọ́ sí àgbàlá ni. Ibojì tí wọ́n lẹ táìsì mọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé lónìí, àbúrò ibojì abẹ́ yàrá ni.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti kan olóṣèlú ni pé ibojì ń sọ ẹni tí ó nilẹ̀. Bí ẹbí méjì bá ń jà sí ilẹ̀, ọ̀kan nínú ohun tí wọ́n kọ́kọ́ ń tọ́ka sí ni ibi tí wọ́n sin baba wọn sí. Òfin orílẹ̀-èdè wá fún èrò yìí lágbára láìmọ̀. Abala 147 ìwé òfin Nàìjíríà ti 1999 pàṣẹ pé kí Ààrẹ yan ó kéré tán mínísítà kan láàrin àwọn ọmọ ìbílẹ̀ ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Ní abala 318, ọmọ ìpínlẹ̀ ni ẹni tí ọ̀kan nínú àwọn òbí rẹ̀ tàbí àwọn òbí wọn jẹ́ ará àwùjọ ìbílẹ̀ kan níbẹ̀. Òfin yìí kò béèrè ibi tí ènìyàn ti gbé tàbí tí ó ti san owó orí. Ìran ni ó béèrè. Bí ẹnikẹ́ni bá sì jiyàn ìran, kí ni wọn yóò fi hàn án? Ìwé ẹ̀rí ìbí baba àgbà ṣọ̀wọ́n. Ojú oórì rẹ̀ wà níbẹ̀. Olóṣèlú tí wọ́n sin sí ìlú baba rẹ̀ ń bá àwọn ọmọ rẹ̀ tọ́jú ẹ̀tọ́ pamọ́.

Ní Ilé-Ifẹ̀, èrò yìí ti pẹ́ ju ìwé òfin lọ. Ìtàn sọ pé wọ́n máa ń gbé nínú ohun ara àwọn ọba Benin tí ó bá wàjà wá sin sí Ọ̀run Ọba Adó, ibi tí Frank Willett ti walẹ̀ ṣèwádìí, kí ó lè hàn pé ibẹ̀ ni wọ́n ti ṣẹ̀. Ṣùgbọ́n Ifẹ̀ náà ni ó fi hàn pé ẹ̀rí yìí ní ibi tí agbára rẹ̀ mọ. Láti ọ̀rúndún kọkàndínlógún ni àwọn ará Modákẹ́kẹ́, tí ogun lé kúrò ní ilẹ̀ Ọ̀yọ́, ti ń sin òkú wọn síbi tí wọ́n tẹ̀dó sí. Síbẹ̀ ọ̀rọ̀ ìṣákọ́lẹ̀ kò tán, àríyànjiyàn lórí ibùjókòó Ìjọba Ìbílẹ̀ Ìlà-Oòrùn Ifẹ̀ sì di ogun ní 1997, tí ẹ̀mí àti dúkìá ṣòfò. Ohun tí ẹnì kan kà sí ẹ̀rí ìní, ẹlòmíràn lè kà á sí àyè tí onílẹ̀ fi gba àlejò.

Èyí tí kò tíì gba àlàyé tó ni ti ẹni tí ó ni olóṣèlú lẹ́yìn ikú: ṣé ẹbí ni àbí gbogbo ènìyàn? Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ kú ní Ìkẹ́nnẹ́ ní ọjọ́ 9 oṣù Karùn-ún ọdún 1987. Láàrin ọjọ́ mẹ́ta, ìjọba ológun ti fi orúkọ rẹ̀ sọ Yunifásítì Ifẹ̀. Orúkọ wá sí Ifẹ̀, ara sùn sí ọgbà ilé ní Ìkẹ́nnẹ́, níbi tí wọ́n ti sin aya rẹ̀, Olóyè H.I.D. Awólọ́wọ̀, tẹ̀lé e ní 2015. (Nínú ọgbà yunifásítì náà, ilé ìgbé akẹ́kọ̀ọ́ kan ń jẹ́ Awólọ́wọ̀, òmíràn ń jẹ́ Akíntọ́lá. Àwọn méjì tí ìjà wọn fọ́ ẹgbẹ́ Action Group ní 1962 jọ ń gba akẹ́kọ̀ọ́ sílé ní Ifẹ̀. Ògbómọ̀ṣọ́ ni ibojì Akíntọ́lá wà.) Ìkẹ́nnẹ́ ti di ibi tí olóṣèlú ń yà sí kí ìdìbò tó dé, títí kan ẹni tí ètò ìṣèlú rẹ̀ kò bá ti Awólọ́wọ̀ mu rárá. Ìrántí náà jẹ́ ti gbogbo ènìyàn, kọ́kọ́rọ́ ẹnu ọ̀nà wà lọ́wọ́ ẹbí.

Ti M.K.O. Abíọ́lá tilẹ̀ yàtọ̀. Ọmọ Ẹ̀gbá ni, ṣùgbọ́n nígbà tí ó kú sí àhámọ́ ní oṣù Keje 1998, ọgbà ilé rẹ̀ ní Ìkẹjà, Èkó, ni wọ́n sin ín sí. Níhìn-ín, ‘ilé’ ti kúrò ní agbo ilé baba, ó ti di ilé tí ènìyàn fi owó ara rẹ̀ ní. Irú ilé bẹ́ẹ̀ ṣeé pín, ó sì ṣeé tà; agbo ilé kò rí bẹ́ẹ̀. Herbert Macaulay, tí ó kú ní 1946, wà ní itẹ́ òkú Ìkòyí, níbi tí àlejò kò ti ní ilẹ̀kùn ẹbí kankan láti kàn.

Olóṣèlú kan wà ní Ifẹ̀ tí kò bá ọ̀kankan nínú ìwọ̀nyí mu. Ọọ̀ni Adésọjí Adérẹ̀mí jọba láti 1930 sí 1980, ó sì ṣe gómìnà Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn láti 1960 sí 1962. Iṣẹ́ gómìnà, ojú gbogbo ayé ni ó ti ṣe é. Ṣùgbọ́n ọba ni, àwọn tí ó ni ìsìnkú ọba nìkan ni ọ̀rọ̀ náà yé. Kò sí ojú oórì rẹ̀ tí olùdíje yóò lọ dúró sí kí ìdìbò tó dé.