Nígbà Tí Dókítà Bá Ní Inú Ìhà Ni Òun Ti Máa Mú Ohun Tí Òun Fẹ́ Fi Tún Imú Ṣe

Òkun ń jẹ ilẹ̀ ní Molútẹ̀hìn àti ní etí òkun Ìlàjẹ, ọkọ̀ ojú omi sì ni èèyàn máa wọ̀ kó tó dé Igbókòdá, níbi tí yóò ti rí mọ́tò wọ̀ lọ sí ilé ìwòsàn ńlá. Ìrìn àjò bẹ́ẹ̀ kì í ṣe kékeré fún ìdílé tí imú ẹnì kan nínú wọn ti bàjẹ́, ìbáà jẹ́ ìjàǹbá ọ̀kadà ló fà á, tàbí àrùn jẹjẹrẹ, tàbí ẹni tí wọ́n bá jà ló gé e jẹ. Bí wọ́n bá wá débẹ̀ tí oníṣẹ́ abẹ sọ pé inú ìhà aláìsàn lòun ti máa mú ohun tí òun fẹ́ fi mọ imú tuntun, àwọn mìíràn á kàn dìde, wọ́n á gbé èèyàn wọn, ó di ilé. Ẹ̀rù ikú ń bà wọ́n, ẹ̀rù ẹ̀ṣẹ̀ náà sì ń bà wọ́n. Ìdí tí a fi kọ èyí nìyẹn.

Ẹ fọwọ́ kan imú yín. Òkè rẹ̀ le, egungun nìyẹn. Ìsàlẹ̀ rẹ̀ rọ̀, ó ṣeé tẹ̀, síbẹ̀ bí ẹ bá fi í sílẹ̀ yóò padà sípò. Egungun rírọ̀ ló wà níbẹ̀, irú èyí tó wà ní etí wa, irú èyí tí a máa ń rún lẹ́nu bí a bá ń jẹ igẹ̀ adìyẹ. Òun ló gbé imú dúró tí ihò rẹ̀ kò fi dì. Bí kò bá sí mọ́, bí wọ́n tilẹ̀ fi awọ bo ojú ibẹ̀, ńṣe ni yóò rì wọlé bí ilé orí omi tí wọ́n fa òpó rẹ̀ yọ, aláìsàn náà kò sì ní lè mí dáadáa.

Bí ohun tó bàjẹ́ bá kéré, dókítà lè mú díẹ̀ láti inú imú fúnra rẹ̀ tàbí láti etí. Bó bá pọ̀, ibi tí wọ́n ti lè rí èyí tó tó tó sì lágbára ni ìhà. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni wọ́n máa ń mú un láti ara ìhà kẹfà, ìkeje tàbí ìkẹjọ, ní apá iwájú àyà. Kì í ṣe egungun líle ni wọ́n ń gé o, ibi rírọ̀ tó so ìhà pọ̀ mọ́ àárín àyà ni. Apá ọ̀tún ni wọ́n sábà máa ń yàn, kí wọ́n lè jìnnà sí ọkàn.

Ewu tó wà níbẹ̀ ni ẹ̀dọ̀fóró, nítorí pé awọ tẹ́ẹ́rẹ́ ló wà láàárín rẹ̀ àti ìhà. Bí dókítà bá ti yọ egungun rírọ̀ náà tán, yóò da omi iyọ̀ sí ojú ibẹ̀, wọn yóò sì fẹ́ atẹ́gùn sí ẹ̀dọ̀fóró aláìsàn. Bí omi náà bá ń hó kúlú-kúlú, awọ yẹn ti lu nìyẹn, wọ́n á sì tètè tún un ṣe. Bí kò bá hó, wọ́n á rán ojú ibẹ̀ pọ̀. Ibẹ̀ yóò máa dùn ún fún ọjọ́ mélòó kan, pàápàá bó bá ń wúkọ́. Fún àwa aláwọ̀ dúdú, ẹ tún bi dókítà nípa kílóìdì, àpá tó máa ń wú sókè, nítorí àyà wà lára ibi tó fẹ́ràn jù. Bí àpá yín bá ti máa ń wú tẹ́lẹ̀, ẹ sọ ọ́ kí wọ́n tó fi abẹ kàn yín.

Egungun rírọ̀ yìí kò ní iṣan ẹ̀jẹ̀ tirẹ̀, ara tó yí i ká ló ń bọ́ ọ, ìyẹn ló jẹ́ kó lè gbé níbi tuntun. Nítorí pé ti aláìsàn fúnra rẹ̀ ni, ara kì í bá a jà bí àjèjì. Àléébù rẹ̀ ni pé ó máa ń lọ́. Ní 1958, Thomas Gibson àti W. B. Davis ṣàlàyé ìdí tó fi ń lọ́ àti bí a ṣe lè gbẹ́ ẹ kí ó má bàa lọ́, bíi kí a lo àárín rẹ̀ dípò ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo. Títí di òní, oníṣẹ́ abẹ tó mọṣẹ́ máa ń gbẹ́ ẹ, á fi í sínú omi iyọ̀ fún ìgbà díẹ̀, á sì wò ó bóyá ó ń lọ́ kó tó lò ó. Tàgbàlagbà máa ń le bí egungun, èyí sì máa ń mú kí gbígbẹ́ rẹ̀ nira. Ti ọmọdé kò tíì pọ̀, nítorí náà wọ́n lè ní kí ó dàgbà díẹ̀ sí i ná.

Bí awọ imú pẹ̀lú bá ti lọ, iwájú orí ni wọ́n sábà máa ń ti mú òmíràn. Wọn kì í gé e kúrò pátápátá lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Wọ́n á yí i wálẹ̀ sórí imú, okùn ẹran kan á ṣì so ó mọ́ òkè kí ẹ̀jẹ̀ lè máa wọ̀ ọ́, nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà ni wọ́n á tó gé okùn náà. Kí ẹ mọ èyí ṣáájú, torí bí ẹ bá rí i láìròtẹ́lẹ̀, ẹ lè rò pé wọ́n ti ba ojú rẹ̀ jẹ́. Iṣẹ́ yìí kì í ṣe tuntun. Harold Gillies lo ìhà àti awọ iwájú orí fún àwọn jagunjagun tí ìbọn ti fọ́ ojú wọn, ní ilé ìwòsàn tó bẹ̀rẹ̀ ní Sidcup, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní 1917.

Nípa ti ẹ̀sìn, àwọn kan máa ń mú aaya 119 nínú Sūratun-Nisā wá, níbi tí Èṣù ti lérí pé òun yóò pàṣẹ fún àwọn èèyàn kí wọ́n yí ẹ̀dá Ọlọ́hun padà. Ṣùgbọ́n nínú hadīsi Ibn Mas'ūd tí Bukhārī àti Muslim gbà wá, nígbà tí ègún wá sórí àwọn tó ń ya àárín eyín wọn, a mẹ́nu ba ìdí rẹ̀: nítorí ẹwà. Ẹni tí imú rẹ̀ ti gé kò wá ẹwà, ohun tó sọnù ló ń wá. Ìtàn sàhábà kan tilẹ̀ wà lórí imú gan-an. Arfajah ọmọ As'ad pàdánù imú rẹ̀ ní ogun Kulāb, ṣáájú Islam. Ó fi fàdákà ṣe òmíràn, ó bẹ̀rẹ̀ sí rùn mọ́ ọn lára, Ànábì (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) sì ní kó fi wúrà ṣe é. Abū Dāwūd àti Tirmidhī gba á wá. Bẹ́ẹ̀ wúrà jẹ́ èèwọ̀ fún ọkùnrin! Lójú tiwa, bí wúrà bá tọ́ fún Arfajah nítorí ìnira, ìhà ara ẹni kò ní wúwo jù bẹ́ẹ̀. Àwọn onímọ̀ ìgbìmọ̀ fiqh àgbáyé tó jókòó ní Jeddah ní 1988 náà gbà pé a lè mú apá kan ara ẹnì kan lọ síbòmíràn lára rẹ̀ láti tún àléébù ṣe, bí àǹfààní rẹ̀ bá ju ewu rẹ̀ lọ.

Àrùn kan wà tó ń jẹ imú àti ẹnu àwọn ọmọdé, wọ́n ń pè é ní nómà. Inú èrìgì ló ti ń bẹ̀rẹ̀, pàápàá lára ọmọ tí kò jẹun kánú tàbí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe ìgbóná eeyi. Bí èrìgì ọmọ yín bá wú, tó ń ṣẹ̀jẹ̀, tí ẹnu rẹ̀ ń rùn lọ́nà tó ṣàjèjì, ẹ má dúró de ọjọ́ kejì. Oògùn tó ń pa kòkòrò lè dá a dúró kó tó jẹ ojú. Ilé ìwòsàn nómà wà ní Ṣókótó láti 1999, wọ́n sì ń ṣiṣẹ́ abẹ níbẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Ní December 2023 ni àjọ ìlera àgbáyé fi nómà kún àwọn àrùn tí a ti pa tì, Nàìjíríà ló sì ṣáájú nínú bíbéèrè rẹ̀. Fún ìjàǹbá àti jẹjẹrẹ, àwọn oníṣẹ́ abẹ àtúnṣe wà ní UCH Ìbàdàn, ní OAUTHC Ilé-Ifẹ̀ àti ní Igbóbì l'Ékòó.

Ọ̀rọ̀ ìrun náà kò gbẹ́yìn, nítorí imú wà lára ohun tí a fi ń forí kanlẹ̀. Ẹni tí dókítà bá ní kó má tẹrí ba yóò jókòó kí ìrun, yóò sì fi orí júwe, nítorí Ànábì sọ fún Imrān ọmọ Husayn tó ń ṣàìsàn pé bí kò bá lè dúró, kó jókòó. Bí omi kò bá gbọdọ̀ kan ojú ọgbẹ́, kó bi àáfà rẹ̀ bí yóò ṣe ṣe àlùwàlá tàbí tàyámọ́mù.

Kí ẹ tó wọ ọkọ̀ ní Molútẹ̀hìn, ẹ ti wá ibi tí ẹ máa sùn sí nítòsí ilé ìwòsàn, torí ẹni tó ní okùn ẹran lójú kò gbọdọ̀ máa lọ máa bọ̀ lórí omi fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ìdílé tí kò ní ẹni tó máa gbà wọ́n sílé kí wọ́n sọ fún ìgbìmọ̀ mọ́sálásí wọn. Tálákà tí àìsàn ń bá jà wà lára àwọn tí zakat tọ́ sí.