Ilé Kan, Ayálégbé Mẹ́ta: Ìmọ̀ràn fún Ẹni Tó Fẹ́ Kó Ju Linux Kan Lọ Sínú Kọ̀ǹpútà

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ lọ́sẹ̀ yìí ti gba omijé lójú mi rí. Ìparí sáà kan ni. Mo ti kó máàkì gbogbo àwọn ọmọ kíláàsì mi sínú kọ̀ǹpútà, ó ku kí n tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé. Linux Mint ni mo ń lò nígbà náà, n kò sì rí àléébù kan lára rẹ̀, ṣùgbọ́n mo fẹ́ fi Ubuntu kún un kí n lè mọ bí òun náà ti rí. Ẹ̀rọ bi mí léèrè pé: ṣé kí òun fi í sí ẹ̀gbẹ́ èyí tó wà níbẹ̀, tàbí kí òun nu gbogbo rẹ̀ kúrò? Ẹ̀rù ń bà mí pé iná yóò lọ, mo ń kánjú, mo bá tẹ èkejì. Kí n tó pajú dé, iṣẹ́ sáà kan ti di àwátì. Òru mẹ́ta gbáko ni mo fi tún ìwé ìdánwò àwọn ọmọ náà yẹ̀ wò lọ́kọ̀ọ̀kan.

Àwọn àgbà ní ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Èmi kò fẹ̀sọ̀ mú un. Ìdí nìyí tí mo fi ń kọ èyí, kí ẹlòmíràn má baà jìn sí kòtò kan náà.

Kọ̀ǹpútà kò lè ṣe iṣẹ́ kankan láìní ètò tí yóò máa darí rẹ̀. Windows jẹ́ irú ètò bẹ́ẹ̀, Linux sì jẹ́ òmíràn. Linus Torvalds, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń kàwé ní yunifásítì ìlú Helsinki ní ilẹ̀ Finland, ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní ọdún 1991. A kì í sanwó kí a tó lò ó, ẹni tó bá sì mọ iṣẹ́ náà lè tún un ṣe bó ti wù ú. Nípa bẹ́ẹ̀ ni onírúurú Linux fi jáde: Debian ní 1993, Fedora ní 2003, Ubuntu ní 2004, Linux Mint ní 2006. Ara Debian ni Ubuntu ti jáde, ara Ubuntu ni Mint ti jáde. Ẹbí ni wọ́n, ṣùgbọ́n ìwà wọn kò bára mu.

Kí ló dé tí ènìyàn yóò fi fẹ́ ju ẹyọ kan lọ? Oníṣòwò tó ń fi kọ̀ǹpútà kọ owó àti gbèsè ń fẹ́ èyí tí kì í yí padà ṣáá. Debian dára fún un, nítorí bí ọdún méjì-méjì ni tuntun rẹ̀ ń jáde. Ọmọ rẹ̀ tó ń kọ́ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà lè fẹ́ Fedora, tí tuntun rẹ̀ ń jáde ní bí oṣù mẹ́fà-mẹ́fà. Kò sí ìdí tí wọn yóò fi ra ẹ̀rọ méjì. Bí ọ̀kan bá sì bàjẹ́, a lè gba inú èkejì wọlé lọ kó ẹrù wa.

Ẹ fojú ilé ayálégbé wo hard disk, àká tí kọ̀ǹpútà ń kó gbogbo ẹrù rẹ̀ sí. A lè pín in sí yàrá-yàrá. Bí ó bá gba 500 GB, ẹ fún ayálégbé mẹ́ta ní 50 GB lọ́kọ̀ọ̀kan, yóò ṣì ku nǹkan bíi 350 GB. Yàrá ńlá yìí ni ti onílé fúnra rẹ̀. Ibẹ̀ ni kí ìwé, àwòrán, máàkì àti ìṣirò owó máa gbé. Gbogbo ayálégbé lè ṣí i, ṣùgbọ́n bí ẹ bá lé ọ̀kan jáde, ẹrù yín kò ní bá a lọ. Ètò tó ń jẹ́ GParted ló ń pín yàrá. Láti orí fláàṣì ni kí ẹ ti lò ó, nítorí a kì í jókòó sínú yàrá kí a máa wó ògiri rẹ̀.

Ẹnì kan ṣoṣo ló ń jí lẹ́ẹ̀kan náà, àwọn yòókù á máa sùn. Bí ẹ bá tan ẹ̀rọ, oníbodè kan tí wọ́n ń pè ní GRUB yóò yọjú, yóò to orúkọ àwọn ayálégbé sílẹ̀, yóò sì bi yín pé ta ni ẹ wá kí.

Níbi oníbodè yìí ni àyà ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń já. Olúkúlùkù Linux ló ń mú oníbodè tirẹ̀ wá, ẹni tó dé kẹ́yìn ló sì sábà máa ń gba ẹnu ọ̀nà. Láti 2021 tí GRUB 2.06 ti jáde, oníbodè kì í dédé yẹ yàrá àwọn yòókù wò mọ́, àfi bí a bá ní kó ṣe bẹ́ẹ̀. Ènìyàn yóò fi tuntun sí i, kò ní rí orúkọ ti àtijọ́ mọ́, yóò sì figbe ta. Kò sọnù. Oníbodè ni kò mọ̀ ọ́n. Nínú Debian àti àwọn ọmọ rẹ̀, ẹ rí i pé os-prober wà níbẹ̀, ẹ ṣí ìwé tó ń jẹ́ /etc/default/grub, kí ẹ sì kọ ìlà yìí sí i: GRUB_DISABLE_OS_PROBER=false. Lẹ́yìn náà, ẹ pa àṣẹ yìí: sudo update-grub. Orúkọ náà yóò yọ padà.

Ìkìlọ̀ mẹ́rin nìyí:

Èkíní, kí ẹ tó fọwọ́ kan ohunkóhun, ẹ da iṣẹ́ yín kọ sórí fláàṣì, kí ẹ sì ṣí i wò lórí kọ̀ǹpútà mìíràn. Ẹni tó bá ní kí ẹ̀rọ nu gbogbo rẹ̀ yóò nu yàrá onílé mọ́ ọn.

Èkejì, ẹ kọ́kọ́ dán Linux tuntun wò láti orí fláàṣì. Ọ̀pọ̀ wọn ló ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ láìfọwọ́ kan ohun tó wà nínú ilé.

Ẹ̀kẹta, ẹ má ṣe fún ayálégbé méjì ní àpò ètò kan náà, èyí tí wọ́n ń pè ní home. Báyìí là ń ṣe nílé wa, èèwọ̀ ibòmíràn ni. Ètò tí ọ̀kan ṣe síbẹ̀ lè da ti èkejì rú.

Ẹ̀kẹrin, bí ẹ bá fẹ́ kúrò nínú ọ̀kan lọ sí èkejì, ẹ pa á pátápátá. Èyí tí a kàn fi sùn ṣì ń rántí yàrá onílé bó ti rí kó tó sùn. Bí ẹlòmíràn bá ti yí nǹkan padà níbẹ̀, ó lè ba ìwé yín jẹ́ nígbà tó bá jí.

Lónìí, mẹ́ta ló ń gbé inú kọ̀ǹpútà mi láìsí ìjà. Máàkì àwọn ọmọ mi wà ní yàrá onílé, ẹ̀dà rẹ̀ sì wà lórí fláàṣì nínú àpótí. Bí ẹ̀rọ bá bi mí ní ìbéèrè ọjọ́sí báyìí, mo máa ń mú ọwọ́ kúrò lára rẹ̀, máa kà á lẹ́ẹ̀mejì kí n tó dáhùn. Ó dìgbà kan ná.