Ariwo Ọjà Inú Ọpọlọ

Bí ènìyàn bá gun Òkè Sóbì tí ó sì kọjú sí ìlú Ìlọrin, gbogbo ohùn ìlú náà yóò di ẹyọ ohùn kan sí i létí, bí ìgbà tí oyin ń kùn nínú ihò igi. Kò lè mọ ohùn ẹni tí ń kiri wàrà yàtọ̀ sí ti ẹni tí ń ná aṣọ òfì. Ṣùgbọ́n ní òwúrọ̀ ọjọ́ Iléyá, nígbà tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn bá ké "Allāhu Akbar" lẹ́ẹ̀kan náà ní Yídì, ẹni tí ó wà lórí òkè yóò mọ̀ pé nǹkan ń ṣẹlẹ̀ nísàlẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ọ̀rọ̀ ọpọlọ wa rí. Àwọn sẹ́ẹ̀lì tí ń ránṣẹ́ síra wọn nínú orí ènìyàn kan tó bílíọ̀nù 86, iná mànàmáná bín-ín-tín ni wọ́n sì fi ń jíṣẹ́. Oníṣègùn ará Jámánì kan, Hans Berger, ni ó kọ́kọ́ gba àkọsílẹ̀ iná yìí láti orí ènìyàn ní 1924, ó sì kéde rẹ̀ ní 1929. Òun ni àwọn dókítà ń pè ní EEG. Wọn a lẹ wáyà mọ́ awọ orí, ẹ̀rọ a sì máa fa ìlà tí ń gòkè tí ń sọ̀ kalẹ̀. Àwọn kan ń bẹ̀rù pé wáyà yìí ń ti iná bọ ènìyàn lórí. Rárá o, etí lásán ni. Ṣùgbọ́n etí tí ó wà lórí Òkè Sóbì ni, nítorí egungun orí wà láàárín òun àti ọjà. Àfi bí ẹgbẹẹgbẹ̀rún sẹ́ẹ̀lì bá pohùn pọ̀ ni ó tó lè gbọ́.

Bí a bá wá fẹ́ gbọ́ ohùn ẹyọ sẹ́ẹ̀lì kan ńkọ́? A ní láti sọ̀ kalẹ̀ wá sí Ọjà Ọba. Ní 1926, Edgar Adrian ará Ìlú Ọba gbọ́ iṣẹ́ tí ẹyọ fọ́nrán iṣan kan ń jẹ́ nínú ara ọ̀pọ̀lọ́. (Ẹ fetí sí ohùn mi o: ọ̀pọ̀lọ́ etí odò ni mo wí, kì í ṣe ọpọlọ inú orí.) Irú ohun èlò tí ń sọ ohùn kékeré di ńlá nínú rédíò ìgbà náà ni ó lò. Wọ́n fún un ní ẹ̀bùn Nobel ní 1932, òun àti Charles Sherrington.

Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń ti wáyà tín-ín-rín bọ inú ọpọlọ ẹranko. Ìpè sẹ́ẹ̀lì kan kò gùn ju nǹkan bí ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú-àáyá lọ. Wàhálà ibẹ̀ ni pé wáyà tí ó dúró láàárín ọjà ń gbọ́ oníwàrà mẹ́ta, mẹ́rin pa pọ̀. Báwo ni a ó ṣe yà wọ́n? Ìrísí ìpè wọn ni a ń wò: ọ̀kan ga, èkejì fẹ̀, ẹ̀kẹta rọra ń padà bọ̀ sípò. Bí ohùn méjì bá jọra jù, a lè lọ́ wáyà mẹ́rin pọ̀ mọ́ra. Ẹni tí ohùn rẹ̀ le ní etí ọ̀tún tí ó sì rọ̀ ní etí òsì kò lè jẹ́ ẹni kan náà pẹ̀lú ẹni tí tirẹ̀ le ní òsì.

Ọgbọ́n kan tún wà tí ó wù mí jù. Bí sẹ́ẹ̀lì bá ti pe ìpè kan, ó gbọ́dọ̀ mí díẹ̀ kí ó tó tún pe òmíràn. Nítorí náà, bí a bá kọ ìpè méjì sí orúkọ sẹ́ẹ̀lì kan, tí àlàfo àárín wọn kò sì tó ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú-àáyá, ènìyàn méjì ni a ti sọ di ọ̀kan. Òdìkejì àṣìṣe náà wà pẹ̀lú: bí wáyà bá yẹ̀ díẹ̀, ìrísí ìpè a yí padà, a ó sì rò pé àlejò ni ẹni tí a ti mọ̀ tẹ́lẹ̀. Ní 2017 ni wọ́n kéde abẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí ó ní ojú ìgbọ́ràn 960. Kọ̀ǹpútà ni ó ń ya ohùn wọn, síbẹ̀ ènìyàn ṣì ń yẹ iṣẹ́ rẹ̀ wò.

A kì í dédé ti wáyà bọ ọpọlọ ènìyàn. Àwọn alárùn wárápá tí oògùn kò ràn, tí a fẹ́ ṣiṣẹ́ abẹ fún, ni a sábà máa ń ṣe é fún. Lára irú àwọn bẹ́ẹ̀ ni Rodrigo Quian Quiroga àti Itzhak Fried ti rí i, nínú ìwé tí wọ́n tẹ̀ ní 2005, pé sẹ́ẹ̀lì kan ń pè nígbà tí aláìsàn bá rí àwòrán òṣèré obìnrin kan, tí kò sì dá àwọn ẹlòmíràn lóhùn.

Wárápá gan-an ni ó jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí kàn wá. Ọ̀jọ̀gbọ́n Kayọ̀dé Ọ̀ṣúntókun ti Ìbàdàn àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kéde ní 1987 pé ní Igbó-Ọrà, ó lé ní ènìyàn 5 nínú 1,000 tí ó ní in. Nígbà tí wárápá bá gbé ènìyàn, ọ̀pọ̀ sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ ń ké pọ̀ bí èrò Yídì, EEG sì lè gbọ́. Ṣùgbọ́n bí ọjà bá wà ní ọjà lásán ní ìwọ̀n ìgbà kúkúrú tí wáyà fi wà lórí, ìwé yóò mọ́. Ìwé mímọ́ kò sọ pé àrùn kò sí.

Mo mọ ọmọkùnrin kan ní àdúgbò wa tí ìwé rẹ̀ mọ́ báyìí. Bàbá rẹ̀ dá oògùn dúró tayọ̀tayọ̀. Kò pé oṣù méjì tí ọmọ náà fi ṣubú lẹ́bàá iná ìdáná, ọwọ́ rẹ̀ sì jóná. Nígbà tí wọ́n padà lọ, dókítà ní kí ó má sùn ní òru ọjọ́ tí wọn yóò tún dán an wò, nítorí àìsùn a máa mú kí igbe náà tètè yọjú. Ìyá bàbá rẹ̀ ni ó bá a jókòó, tí ó ń pa àlọ́ fún un títí Ládàánì fi pe ìrun àsùbáà. Ní ọjọ́ náà, ẹ̀rọ gbọ́ ọ.