Nítorí ìbọn tó gba láísẹ́ǹsì fún, ìyá ọlọ́mọ méjì dèrò àtìmọ́lé l'Amẹ́ríkà

Obìnrin náà kò ja ẹnikẹ́ni lólè, kò yìnbọn, bẹ́ẹ̀ ni kò halẹ̀ mọ́ ẹnì kankan. Jẹ́jẹ́ ẹ̀ ló ń wa mọ́tò ẹ̀ lọ lójú títì márosẹ̀ tó lọ sí Atlantic City, ní ìpínlẹ̀ New Jersey, lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, nínú oṣù kẹwàá, ọdún 2013, táwọn ọlọ́pàá fi dá a dúró. Wọ́n ní kò yà láti ojú ìlà kan bọ́ sí èkejì bó ṣe yẹ. Ọ̀rọ̀ tí ì bá parí sórí ìkìlọ̀ tàbí owó ìtanràn ni. Ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe ń béèrè ìwé ọkọ̀ lọ́wọ́ ẹ̀, òun fúnra ẹ̀ ló là á mọ́lẹ̀ fún ọlọ́pàá pé òun ní ìbọn lọ́wọ́ o, pé ìbọn náà kì í ṣe tolè, òun ní láísẹ́ǹsì ẹ̀.

Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Láísẹ́ǹsì tó ní, ìpínlẹ̀ Pennsylvania ló fún un, torí ìlú Philadelphia ló ń gbé. Odò Delaware nìkan ló sì là á láàárín Philadelphia àti New Jersey. Béèyàn bá ti wakọ̀ gun afárá, kí ọkàn ẹ̀ tó kúrò lórí ohun tó ń rò, ó ti bọ́ sí ìpínlẹ̀ mìíràn. Lójú òfin ìpínlẹ̀ tó bọ́ sí yìí, bébà lásán ni láísẹ́ǹsì tó gbà láti Pennsylvania. Ni wọ́n bá fi ṣẹkẹ́ṣẹkẹ̀ sí i lọ́wọ́, ó di àtìmọ́lé.

Ẹni ọdún 27 ni obìnrin náà nígbà yẹn, ọmọ méjì ló sì ń dá tọ́. Iṣẹ́ kó máa gba ẹ̀jẹ̀ lára àwọn aláìsàn fún àyẹ̀wò ló ń ṣe. Ẹ̀ẹ̀mejì làwọn olè ti dá a lọ́nà kó tó lọ ra ìbọn náà láti fi dáàbò bo ara ẹ̀ àtàwọn ọmọ ẹ̀. Kò ní ẹjọ́ ìwà ọ̀daràn kankan lọ́rùn rí. Síbẹ̀, bí ogójì ọjọ́ ló lò látìmọ́lé kí wọ́n tó gba onídùúró ẹ̀.

Ohun tó ń dúró dè é níwájú tún burú ju ìyẹn lọ. Ní New Jersey, ẹni tí wọ́n bá dá lẹ́bi pé ó gbé ìbọn ìléwọ́ láìgba àṣẹ ìpínlẹ̀ náà gbọ́dọ̀ lò tó ọdún mẹ́ta àbọ̀ lẹ́wọ̀n, ó kéré tán, kó tó lè máa sọ̀rọ̀ pé kí wọ́n ṣíjú àánú wo òun. Òfin tí wọ́n ń pè ní Graves Act ló sọ bẹ́ẹ̀. Ìgbà táwọn èèyàn pariwo ọ̀rọ̀ náà káàkiri Amẹ́ríkà ni ìjọba ìpínlẹ̀ tún un yẹ̀ wò. Nínú oṣù kẹsàn-án, ọdún 2014, wọ́n gbà á sí ètò tí wọ́n là sílẹ̀ fún ẹni tí kò dáràn rí, kó má baà ṣẹ̀wọ̀n. Lọ́jọ́ kejì, oṣù kẹrin, ọdún 2015, Gómìnà Chris Christie wá fọwọ́ sí i pé òun dárí jì í pátápátá.

Orí ló yọ obìnrin yẹn. Kì í ṣe gbogbo ẹni tó bá kó sí irú pańpẹ́ bẹ́ẹ̀ ni gómìnà máa ń dárí jì.

Àwọn àgbà ti sọ ọ́ tipẹ́ pé bí wọ́n ti ń ṣe nílé wa, èèwọ̀ ibòmíràn ni. Ní Nàìjíríà, ọ̀rọ̀ ìbọn kò sí lọ́wọ́ gómìnà kankan, ìjọba àpapọ̀ nìkan ni ìwé-òfin gbé e lé lọ́wọ́. Òfin ìbọn tó wà l'Ékòó náà ló wà n'Íbàdàn, òun náà ló wà ní Kánò. Ṣùgbọ́n l'Amẹ́ríkà, yàtọ̀ sí òfin ìjọba àpapọ̀, ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan nínú gbogbo àádọ́ta tí wọ́n ní ló ní òfin ìbọn tiẹ̀, ọ̀pọ̀ ìgbà ni tibí kì í sì í bá tọ̀hún mu. Láísẹ́ǹsì ìbọn kò dà bíi láísẹ́ǹsì mọ́tò, tó jẹ́ pé èyí téèyàn bá gbà ní Texas, yóò fi wakọ̀ dé New York láìsí pé ẹnikẹ́ni yọ ọ́ lẹ́nu.

Bẹ́ẹ̀, àwọn ọmọ Yorùbá pọ̀ jáǹtìrẹrẹ ní Houston ní Texas, wọ́n pọ̀ ní Atlanta ní Georgia, wọ́n pọ̀ ní Maryland àti New Jersey. Láti ọjọ́ kìn-ín-ní, oṣù kẹsàn-án, ọdún 2021, ẹni tó bá ti tó ọmọ ọdún 21 ní Texas, tí òfin kò sì dè lọ́wọ́, lè gbé ìbọn ìléwọ́ kiri láìgba láísẹ́ǹsì rárá. Georgia náà ṣe irú òfin bẹ́ẹ̀ lọ́dún 2022. Ẹni tó bá ti mọ́ lára láti máa fi ìbọn sábẹ́ ìjókòó mọ́tò ní Houston, tó wá ní kóun wakọ̀ lọ jẹ ìnáwó àbúrò òun ní New Jersey, ó lè máa rò pé aṣọ ẹbí nìkan lòun gbé dání, kó má mọ̀ pé ẹ̀wọ̀n lòun dì mọ́ ẹrù.

Ká sọ tòótọ́, ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà kò fi àwọn arìnrìn-àjò sílẹ̀ láìsí ọ̀nà àbáyọ. Nínú oṣù karùn-ún, ọdún 1986, Ààrẹ Ronald Reagan fọwọ́ sí òfin kan tó fàyè gba onílé ìbọn láti gbé e gba inú ìpínlẹ̀ tí kò fẹ́ ẹ kọjá, bó bá ti jẹ́ pé ọ̀nà nìkan ló fẹ́ fi ibẹ̀ ṣe. Ṣùgbọ́n àyè tín-ín-rín ni òfin náà ṣí sílẹ̀, ẹni tó bá fẹ́ kọjá níbẹ̀ gbọ́dọ̀ rọra fún ara.

Àkọ́kọ́, ibi tó ti ń bọ̀ àti ibi tó ń lọ gbọ́dọ̀ jẹ́ ibi tí òfin ti fàyè gbà á láti ní ìbọn náà, kó sì gbé e. Ká ní ẹnì kan ń kó kúrò ní Atlanta lọ sí New Hampshire, tó wá gba Maryland, New Jersey àti New York kọjá, òfin náà lè bò ó. Ṣùgbọ́n ẹni tó jẹ́ pé New Jersey gan-an ló ń lọ, tí kò sì gba àṣẹ wọn, òfin yẹn kò bá tiẹ̀ wí.

Ìkejì, ọta kankan kò gbọdọ̀ sí nínú ìbọn náà. Ìkẹta, àti ìbọn o, àti ọta o, kò gbọdọ̀ sí èyí tí ọwọ́ ẹni tó wà nínú mọ́tò lè tó. Inú búùtù ni kí wọ́n wà. Bó bá jẹ́ jíìpù tàbí irú ọkọ̀ tí búùtù ẹ̀ kò dá dúró lọ́tọ̀, àfi kí wọ́n wà nínú àpótí tí wọ́n fi kọ́kọ́rọ́ tì. Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà nìyí: àpótí kékeré tó wà níwájú ẹni tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ dẹ́rẹ́bà, àtèyí tó wà láàárín ìjókòó méjèèjì, kò sí èyí tí òfin kà kún àpótí tí wọ́n tì, kódà bí wọ́n bá ní kọ́kọ́rọ́.

Ìkẹrin, ẹni tó ń kọjá lọ gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹni tó ń kọjá lọ lóòótọ́. Ohun tójú ọkùnrin kan láti ìpínlẹ̀ Utah rí lọ́dún 2005 kọ́ ọ̀pọ̀ èèyàn lọ́gbọ́n lórí èyí. Baálẹ̀ ń lọ sí Pennsylvania ni, ó sì ṣe gbogbo ohun tí òfin ní kó ṣe: ó ti ìbọn ẹ̀ mọ́nú àpótí, ó sọ ọ́ fáwọn òṣìṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú, wọ́n sì kó o sínú ẹrù. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ òfurufú tó gbé e wá sí Newark, ní New Jersey, pẹ́ kó tó dé, èyí tí ì bá wọ̀ ṣìkejì ti lọ. Ẹrù ẹ̀ náà tún ṣe ségesège. Nígbà tó fi máa rí i gbà, ilẹ̀ ti ṣú, bọ́ọ̀sì tó yẹ kó gbé e lọ náà kò sí mọ́. Ló bá gbé ẹrù ẹ̀ lọ sí òtẹ́ẹ̀lì, ó sùn di ọjọ́ kejì.

Nígbà tó padà dé pápákọ̀ òfurufú láàárọ̀, tó tún fẹnu ara ẹ̀ sọ pé ìbọn wà nínú ẹrù òun, ṣe làwọn ọlọ́pàá gbé e. Odidi ọjọ́ mẹ́rin ló lò látìmọ́lé kí wọ́n tó jẹ́ kó máa lọ. Lóòótọ́, ìjọba da ẹjọ́ náà nù nígbà tó yá, ṣùgbọ́n ó tó bí ọdún mẹ́ta kó tó rí ìbọn ẹ̀ gbà padà. Ọkùnrin náà pe àwọn tó mú un lẹ́jọ́, àmọ́ ilé-ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn sọ fún un lọ́dún 2010 pé òfin 1986 kò bò ó, torí ẹrù tí ìbọn wà nínú ẹ̀ wà lọ́wọ́ ẹ̀ mọ́jú ní òtẹ́ẹ̀lì. Àwọn adájọ́ náà gbà pé nǹkan tó ṣẹlẹ̀ sí i kì í ṣe ẹ̀bi ẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n ní kó tó gba ẹrù yẹn ló yẹ kó ti sọ fáwọn ọlọ́pàá tàbí òṣìṣẹ́ pápákọ̀ pé ìbọn wà níbẹ̀. Ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ l'Amẹ́ríkà kò sì gba ẹjọ́ ẹ̀ wò nígbà tó dé ọ̀dọ̀ wọn.

Fún ẹni tó bá fẹ́ bá ọkọ̀ òfurufú gbé ìbọn, ìlànà rẹ̀ kò le: kò gbọdọ̀ sí ọta nínú ìbọn, inú àpótí líle tí kò ṣeé tẹ̀ ni kó wà, kí wọ́n fi agádágodo tì í, kí wọ́n sì sọ fún òṣìṣẹ́ tó ń gba ẹrù wọlé. Inú ẹrù tó ń lọ sísàlẹ̀ ọkọ̀ ni ìbọn ń lọ, kò sí ẹni tó lè gbé e wọlé sórí ìjókòó. Síbẹ̀, lọ́dún 2023 nìkan, ìbọn 6,737 ni àjọ TSA, tó ń yẹ àwọn èrò wò ní pápákọ̀ òfurufú Amẹ́ríkà, rí gbà nínú àpò tí wọ́n fẹ́ gbé wọlé. Nínú ọgọ́rùn-ún, bíi 93 ni ọta wà nínú ẹ̀. Ọ̀rọ̀ tó sì máa ń wà lẹ́nu ọ̀pọ̀ nínú wọn kò ju “Mo ti gbàgbé pé ó wà níbẹ̀” lọ.

Ti ẹni tó ń kó ilé ẹ̀ láti ìpínlẹ̀ kan lọ sí òmíràn tún yàtọ̀. Òfin gbà á láyè láti kó ìbọn tó jẹ́ tiẹ̀ dání, bó bá ti jẹ́ irú èyí tí ìpínlẹ̀ tuntun náà kò kà léèwọ̀. Ṣùgbọ́n kì í ṣe kó dé tán kó dákẹ́. Ní California, ọgọ́ta ọjọ́ ni wọ́n fún àlejò láti fi tó ìjọba létí pé òun gbé ìbọn wọ̀lú. New Jersey náà fún ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ kó dé ní ọgọ́ta ọjọ́ láti gba ìwé, kó sì forúkọ ìbọn ìléwọ́ ẹ̀ sílẹ̀. Maryland fún tiwọn ní àádọ́rùn-ún ọjọ́. Ní ti New York, àfi kéèyàn gba láísẹ́ǹsì wọn ná, kó tó máa rò ó pé òun yóò gbé ìbọn ìléwọ́ wọ ibẹ̀ wá gbé. Wọ́n kò sì fẹ́ rí ilé ọta tó ń gbà ju ọta mẹ́wàá lọ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ìdájọ́ tí ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ ṣe nínú oṣù kẹfà, ọdún 2022, dẹ ọ̀nà àtigba láísẹ́ǹsì náà fáwọn ará New York, àmọ́ kò sọ pé kí wọ́n má gbà á mọ́.

Ẹni tó bá sì fẹ́ fi ìbọn ẹ̀ ta ẹ̀gbọ́n ẹ̀ lọ́rẹ ní ìpínlẹ̀ mìíràn, kò lè kàn fà á lé e lọ́wọ́ bẹ́ẹ̀. Òfin ìjọba àpapọ̀ tó ti wà láti ọdún 1968 ní ọwọ́ ẹni tó ní láísẹ́ǹsì àtitajà ìbọn ló gbọ́dọ̀ gbà.

Èyí tó yẹ kó ba àwọn ọmọ Nàìjíríà lẹ́rù jù nínú gbogbo ẹ̀ kì í tiẹ̀ ṣe ẹ̀wọ̀n. Ọmọ Amẹ́ríkà tó bá ṣe irú àṣìṣe yìí, bó bá ṣẹ̀wọ̀n tán, ilé ẹ̀ náà ló ń lọ. Ẹni tó ń lo gíríìnì káàdì kò rí bẹ́ẹ̀. Òfin gbà á láyè láti ní ìbọn, ṣùgbọ́n bí ilé-ẹjọ́ bá dá a lẹ́bi pé ó ní ìbọn tàbí gbé e lọ́nà tí kò bófin mu, ẹ̀ṣẹ̀ yẹn nìkan tó láti lé e kúrò nílùú wọn. Ilé tó ti kọ́, ọmọ tó bí síbẹ̀, iṣẹ́ tó ti ń ṣe fún ogún ọdún, kò sí èyí tó fọwọ́ sọ̀yà fún un. Ti ẹni tó bá físà akẹ́kọ̀ọ́ tàbí ti àbẹ̀wò wọlé tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ: yàtọ̀ sáwọn díẹ̀ tí òfin yọ sílẹ̀, bí ẹni tó gba ìwé àṣẹ ọdẹ, kò gbọdọ̀ ní ìbọn lọ́wọ́ níbikíbi l'Amẹ́ríkà, ì báà jẹ́ Texas. Ẹ̀wọ̀n tí òfin ìjọba àpapọ̀ là sílẹ̀ fún un lè tó ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún.

Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé kẹ́ni tó bá ní ìbọn tó tan iná mọ́tò, ó yẹ kó ti ka orúkọ gbogbo ìpínlẹ̀ tó máa gbà kọjá, kó wo òfin wọn, bí kò bá sì dá a lójú, kó bi lọ́yà. Èyí tó dára jù fún ẹni tó ń lọ jẹ ìnáwó lásán ni kó ti ìbọn náà mọ́ ilé.

Ọlọ́pàá kọ́ ló tú mọ́tò obìnrin Philadelphia tó fi rí ìbọn ẹ̀. Òun ló sọ fún wọn. Òtítọ́ ló sọ, láísẹ́ǹsì ẹ̀ kì í sì í ṣe ayédèrú. Afárá tó ti sọdá ló kó bá a.